Omi Yín Tẹ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà rí i, ọkùnrin náà kò wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù rẹ̀ wà lórí kẹ́ẹ̀gì. Oòrùn ọ̀sán ń yan án léjìká, òógùn ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sínú ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ẹ̀wù funfun tó yẹ kó bò ó lára, ó ti nà án bo kẹ́ẹ̀gì ńlá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ mọ́ ọn bí abiyamọ tó ń ṣíji bo ọmọ jòjòló.

"Ẹ rọra o," ló ń wí fún àwọn tó ń bá a sọ ẹrù. "Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ náà ni. Ẹja ni, kì í ṣe bíríkì."

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ẹja lọ́wọ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Nǹkan kan kàn mì láyà rẹ̀, bí ìgbà tí ẹja ńlá bá fi ìrù gbá omi nísàlẹ̀, tí ojú omi sì wá rú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ kan ṣoṣo tí Atọ́miwò bí ni. Ẹja epìyà ni Atọ́miwò ń sìn. Àwọn adágún rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ilé, kànga kan sì wà láàárín wọn tó ń fún ẹja lómi, tó ń fún ilé lómi mímu. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Láràárọ̀, kí ẹja tó jẹun, kí òun pàápàá tó jẹun, bàbá yìí á bẹ̀rẹ̀ létí adágún, á fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sẹ́nu, á dijú, á yí i kiri lábẹ́ ahọ́n, á tu ú dànù. Ìgbà náà ló máa dájọ́. "Ó dùn." Tàbí, "Ó ti fẹ́ kan. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù." Nígbà kan, àwọn ẹlẹ́ja mìíràn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀ ẹ́ kó wá tọ́ omi wọn wò, ṣùgbọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, omi tirẹ̀ nìkan ló ń tọ́. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó ń tọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀. Àfojúdi gbáà ni. Ta ló ń dájọ́ lẹ́yìn adájọ́?

Ìyá ọmọ yìí ti kú nígbà tí ọmọ kò tíì já lẹ́nu ọmú. Bàbá ló gbé e pọ̀n, ó ń pọn ọmọ, ó ń tọ́ omi wò, títí ọmọ fi dàgbà tó sì gbọ́n nínú iṣẹ́ náà bí ọkùnrin mẹ́ta. "Ìyá mi" ló ń pè é. Bí ọmọ yìí bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá lọ, orí bàbá á máa wú, á ní, "Ẹ wò ó! Èmi ni mo bí i."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọkọ̀ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ni ẹja ni, àbí ẹja ló ni yín?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ẹja ló ni mí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí n mumi."

Ó fa ìgò omi yọ níwájú ọkọ̀. Kó tó gbé e dẹ́nu, ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́. Oòrùn ń pa òun náà, kì í sì í ṣe ẹni tí ojú ń tì. Ó gbé e mu, ó sì yínmú.

"Háà! Omi yín tẹ́! Bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. "Mo ti rí ẹni tó bú ọkọ̀ mi. Mo ti rí ẹni tó bú imú mi. N ò rí ẹni tó bú omi rí. Ìwọ tó ń wá iyọ̀ nínú omi mímu, Iyọ̀ ni n óò máa pè ọ́."

"Èmi náà á máa pè ọ́ ní Jẹ́jẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ara wọn lórúkọ kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ni ibi tí ẹja ti ń pamọ, lórí òkè, ní ìhà kejì ìlú. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe é. Ìyá ń tọ́jú ẹyin àti ọmọ ẹja, Jẹ́jẹ́ ń gbé wọn lọ fún àwọn oníbàárà. Àṣà wọn ni pé, bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á kọ́kọ́ bu omi adágún ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ara ọmọ ẹja mọ omi tuntun kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Jẹ́jẹ́ ti mú ife dání, ó ti bẹ̀rẹ̀ létí adágún, ni ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀dọ́kùnrin, kí lò ń wá nínú omi mi?"

Atọ́miwò ni, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mo fẹ́ bu díẹ̀ sí—"

"Mo ti tọ́ ọ wò láàárọ̀. Ó dùn. Tú wọn sílẹ̀ kí oòrùn má baà sè wọ́n."

Jẹ́jẹ́ wo ife ọwọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá tí gbogbo ẹlẹ́ja ń ròyìn. Ó fi ife náà sínú àpò, ó sì tú ọmọ ẹja sílẹ̀. Ìtìjú àgbà ló ṣe é. Àṣìṣe náà sì nìyẹn.

Ọjọ́ kejì, ó tún padà wá.

"Kí lo gbàgbé?" ni Iyọ̀ béèrè.

"Mo wá kí ẹja."

"Ẹja kì í dáhùn ìkíni."

"Ẹni tó ń dáhùn fún wọn ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò pẹ́. Àwọn ọmọ ẹja náà há sí etí adágún, wọ́n ń mí gúlegúle, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, funfun ikùn wọn ló bo ojú omi. Jẹ́jẹ́ àti Iyọ̀ jọ kúnlẹ̀, wọ́n jọ ń fi àwọ̀n kó wọn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà kan, ọwọ́ wọn pàdé nínú omi lábẹ́ àwọ̀n, kò sì sẹ́ni tó tètè fa tirẹ̀ kúrò.

"N óò kó òmíràn wá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹja wa kì í kú báyìí."

Ó kó òmíràn wá lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá wò wọ́n, á jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, Iyọ̀ á jókòó lórí òmíràn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí òjìji ilé á fi bo adágún. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ìfẹ́ ti dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ ṣe ń dàgbà ni ọmọ ẹja ń kú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Atọ́miwò bú gbàù. Àwọn aládùúgbò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ ẹja aláàárẹ̀ ni ìwọ àti ìyá rẹ ń tà!" ló pariwo. "Àwọn ẹja mi àtijọ́ nìyí nínú omi kan náà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré. Tìrẹ nìkan ló ń kú. Omi mi ló jẹ̀bi ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n tọ́ omi náà wò."

Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo wí? O fẹ́ tọ́ omi lẹ́yìn mi?" Ohùn bàbá lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Oníjìbìtì. Má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́. Má sì bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Jẹ́jẹ́ mú ẹ̀wù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. "Bàbá, ẹ bú mi, mo gbà. Àgbà lẹ jẹ́. Orúkọ ìyá mi tẹ́ ẹ fọwọ́ bà ni n ò lè gbà." Ó tẹrí ba, ó sì lọ. Kò wẹ̀yìn. Iyọ̀ dúró láàárín àgbàlá, bàbá lápá kan, ọ̀nà lápá kejì, ó dà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà sọ́tùn-ún sósì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etígbọ̀ọ́ ìyá Jẹ́jẹ́, obìnrin náà kò sunkún. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Ọmọ rẹ̀ wù ọ́, mo mọ̀. Kò sóhun tó ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè wá ní oníjìbìtì lójú ayé kò ní di àna mi, àfi bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé yìí, kó jókòó, kó sì mu omi mi."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Atọ́miwò. "Omi tó pa ẹja mi ni n óò mu?" ló wí. "Lọ́jọ́ tí òkun bá gbẹ."

Àgbà méjèèjì ti fi ìgbéraga dí ọ̀nà. Àwọn ọmọ wá dà bí ẹja tó wà nínú adágún méjì, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ara wọn, tí wọn kò lè kọjá.

Atọ́miwò ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn yẹn náà kú. Ó ní gbogbo àwọn tó ń ta ọmọ ẹja ti gbìmọ̀ pọ̀. Iyọ̀ ń wo bàbá rẹ̀ bó ti ń tọ́ omi wò láràárọ̀, tó ń ní "Ó dùn," tí ejìká rẹ̀ sì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ ẹja tuntun, àwọn ẹja àgbà á tán, adágún á ṣófo. Kí wá ni Atọ́miwò á máa tọ́ wò?

Ọjọ́ kan ni Iyọ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ lójú ọ̀nà ọjà. Wọ́n fún un lómi. Ó mu ún, ó sì yínmú: ó tẹ́. Nígbà tó ń bọ̀, òùngbẹ tún gbẹ ẹ́, ó yà sí ẹ̀rọ omi àwọn káfíńtà. Ìyẹn náà tẹ́. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ife lọ́wọ́, àwọn káfíńtà ń wò ó.

"Arábìnrin, kòkòrò wà nínú ẹ̀ ni?"

Ó ń rántí ìgò Jẹ́jẹ́. Ó ń rántí àwọn àlejò tó ń wá sílé wọn, tí gbogbo wọn máa ń fi ìdajì omi sílẹ̀ nínú ife, tó rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Ó rántí pé oúnjẹ ìta kì í dùn lẹ́nu òun mọ́. Bí omi ilé gbogbo ènìyàn bá tẹ́, ṣé omi ayé ló bàjẹ́, àbí ahọ́n tiwa?

Kò lọ sílé. Òkè, ilé Jẹ́jẹ́, ló gbà lọ.

Nígbà tó dé, Jẹ́jẹ́ ń fọ táǹkì. Ó yára dìde.

"Iyọ̀!" ló pè.

"Òun gan-an ni," ni Iyọ̀ fèsì, ó ń mí hẹlẹ. "Iyọ̀ ni. Iyọ̀ wà nínú omi wa. Ó wọlé díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀. Èmi àti bàbá mi ń mu ún, ó ti mọ́ wa lára."

Jẹ́jẹ́ ju búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n ń wa yanrìn lẹ́nu odò, níbi tó ti pàdé òkun! Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni omi òkun ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga yín tó sún mọ́ ọn jù." Ó mú orí dání. "Àwọn ẹja àgbà yín ti bá iyọ̀ náà dàgbà, ara wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe máa tì í jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tó ti inú omi dídùn bọ́ sí i lójijì, ńṣe ni iyọ̀ á fa omi ara rẹ̀ tán. Nínú omi ló máa gbẹ sí. Àwọn àgbà náà kò sanra mọ́, àbí?"

"Wọ́n ń jẹun bí ẹni máa kú, wọn kò sanra."

"Oúnjẹ tó yẹ kó di ẹran lára wọn, iyọ̀ ni wọ́n fi ń bá jà." Ó ti ń wọ bàtà. "Jẹ́ ká lọ sọ fún Bàbá."

Iyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún bàbá mi pé ahọ́n rẹ̀ ti kú, òun náà á bá a kú. N ò ní fi ìtìjú bàbá mi ra ọkọ."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ náà lọ, ó wò ó bọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fẹ́ràn rẹ̀, kò kàn sọ ọ́ ni.

Nígbà tí Iyọ̀ délé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní sá lọ, n ò sì ní ṣàìgbọràn. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹja wọn ń ṣàárẹ̀. Ẹja kì í ṣàárẹ̀ kí omi má mọ̀. Ẹ lọ tọ́ omi wọn wò. Ahọ́n yín ni mo gbàgbọ́. Bó bá ní omi àrùn ni, n óò gbàgbé Jẹ́jẹ́."

Bàbá gbọn orí. "Wọ́n á ní mo wá mu omi bẹ̀bẹ̀."

"Atọ́miwò kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ń dájọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó tọ́ ọ dàgbà dáadáa, ọmọ náà mọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó dé fìlà, wọ́n sì gun òkè lọ. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé àga fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Atọ́miwò bù ú sẹ́nu. Ó dijú. Ó yí i sábẹ́ ahọ́n.

"Omi yín tẹ́," ló wí.

"Tẹ́ bí i báwo?" Ohùn ìyá ti ń gòkè. "Òjò ló ń bọ́ kànga wa!"

"Ẹ bu omi òjò gan-an wá."

Wọ́n bù ú láti inú dúrọ́ọ̀mù abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ẹnu rẹ̀ dúró. Gbogbo wa la mọ adùn omi òjò. Òun ni omi tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn. Atọ́miwò ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ó sì tẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Bàbá ṣí ojú, ó wo ọmọ náà, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ tipẹ́, pé kò fẹ́ sọ.

Ó ṣí fìlà kúrò lórí.

"Omi òjò kì í tẹ́," ló wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sóhun tó ṣe omi yín. Omi tèmi ló ti níyọ̀. Ahọ́n mi kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo dá a mọ́ ilé, tí n kò mú un jáde kó lọ rí omi ẹlòmíràn." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ìwọ fẹ́ bu omi lọ́jọ́ náà, mo dá ọ dúró. Lójú àwọn aládùúgbò ni mo ti bú ọ. Lójú wọn ni n óò ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Lẹ́yìn náà ó gbé ife, ó mu gbogbo omi tó kù nínú rẹ̀.

"Ó dára," ni ìyá Jẹ́jẹ́ wí. Imú rẹ̀ ti ń ṣomi. "Ẹ jókòó dáadáa, kí n bu òmíràn. Àna mi kì í mu ife kan."

Ẹni tó bá ní ìgbéraga kì í sọnù, ó kàn ní láti mọ ibi tó yẹ kó lò ó. Atọ́miwò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ṣé ẹ rí i, omi yín ti ń ta wá lẹ́nu tipẹ́." "Ẹ ò wá lè sọ?" ni bàbá kígbe, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ lábẹ́ gbogbo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé kí omi òjò lè máa dín iyọ̀ omi kànga kù. Jẹ́jẹ́ kó ọmọ ẹja wá sínú táǹkì omi dídùn, láràárọ̀ ni òun àti Iyọ̀ ń bu omi adágún díẹ̀ sí i. Bí ọmọ ẹja bá jẹun, wọ́n á tún bù sí i. Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, wọ́n á dúró títí ara ẹja á fi balẹ̀.

"Kí ló dé tí o kì í kánjú?" ni Iyọ̀ béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ẹni tí mo ń retí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ni n óò máa kánjú lọ bá?"

Iyọ̀ fi omi ta á lójú.

Nígbà tí wọ́n tú àwọn ọmọ ẹja náà sí adágún, wọ́n tàn ká bí ẹni wọlé ara rẹ̀. Kò sí èyí tó fi ikùn hàn. Wọ́n dàgbà, wọ́n sanra, nítorí iyọ̀ tí òjò ti dín kù kò jẹ́ ìjà mọ́ fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn, Atọ́miwò gbé ẹja kan sókè fún gbogbo ayé rí, ẹja náà ń gbá a lápá. "Ẹ wò ó! Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ló tọ́ ọ!"

"Wọn kò tíì ṣègbéyàwó, Bàbá," ni ẹnì kan wí.

"Ṣé ẹja yìí mọ ìyẹn ni?"

Wọ́n ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ tí Iyọ̀ wọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ sìn ín dé ẹsẹ̀ òkè, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Ìyá mi, máa wá bá mi tọ́ omi wò. Láti òní lọ, ìwọ ló ń tọ́ lẹ́yìn mi." Kò sẹ́ni tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ife omi mú. "Mu ún."

Iyọ̀ gbà á. Ó ti múra sílẹ̀ fún omi tó tẹ́, ó ti pinnu pé òun kò ní yínmú láé. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ là. Omi náà dà bí ti ilé bàbá rẹ̀.

"Ìyá, omi yìí..."

"Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i," ni ìyá wí. "Lọ́la, n óò dín in. Bó o bá mu ún, n óò tún dín in. Bó o bá kọ̀ ọ́, a óò dúró. Títí ahọ́n rẹ á fi mọ omi wa. Àbí o rò pé ọmọ ẹja nìkan la mọ bí wọ́n ṣe ń gbà sílé ni?"

Lẹ́yìn ìyá, Jẹ́jẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Iyọ̀ gbé ife náà dẹ́nu, ó mu ún, jẹ́jẹ́. Kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀.